Ebi Ta Ni Ó Ṣáájú?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, owó ìwádìí kì í kárí gbogbo irúgbìn. Ta ni kí àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ní Yúróòpù kọ́kọ́ rò? Àlìkámà àti ọ̀dùnkún ni wọ́n ń jẹ; ará ilé ẹni sì ní ẹ̀tọ́ lórí ẹni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2000, Ingo Potrykus ní Switzerland àti Peter Beyer ní Jámánì gbé ìrẹsì kan jáde tí ó ní èròjà tí ara ń sọ di fítámínì A, nítorí àwọn ọmọ tí àìtó rẹ̀ ń fọ́ lójú. Mo fara mọ́ ọn. Ọ̀dùnkún tó bàjẹ́ lóko ọlọ́rọ̀, owó lè ra òmíràn; ojú ọmọ tó fọ́, owó kò lè rà á. Orílẹ̀-èdè Philippines fọwọ́ sí gbígbìn rẹ̀ ní 2021; ilé ẹjọ́ wọn dá a dúró ní 2024. Ó yẹ kí a tètè bi ìyá ọmọ náà bóyá yóò sè é.