Ìlú Kékeré ha ni Ààbò bí?

Ibi kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 13:5–13, 14:11–16, 19:15–30. Mátíù 2:13–23.



Ọ̀ràn kan wà tí ó ń gba ọ̀pọ̀ ìdílé nínú ìjọ wa lọ́kàn lọ́jọ́ wọ̀nyí, pàápàá àwọn tí ń gbé Èkó. Ọ̀ràn náà ni pé: kí àwọn ó dúró, tàbí kí àwọn ó kó lọ sí ìlú tí ó kéré sí Èkó, bí Abẹ́òkúta, Ọ̀ṣogbo, Ilé-Ifẹ̀ tàbí Adó-Èkìtì? Ìdí tí wọ́n fi ń rò ó kò ṣòro láti mọ̀. Owó ilé ń ga sí i. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Erékùṣù, tí ilé rẹ̀ sì wà ní ìkángun ìlú, níláti jí kí àkùkọ tó kọ, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì ti sùn kí ó tó padà wálé. Nígbà òjò, omi a máa wọ ilé ẹlòmíràn. Lóru, ẹ̀rù olè a máa bà wọ́n nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀. Láti ọdún 2023, nígbà tí ìjọba mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ pẹ̀lú ti di ẹrù lórí àwọn ènìyàn. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá gbọ́ pé ní ìlú kan tí kò jìnnà, ilé kò wọ́n, afẹ́fẹ́ mọ́, a sì lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ọjà, ọkàn rẹ̀ a fà síbẹ̀.

A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun. Kíkó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì gbọdọ̀ pe gbogbo dídúró ní ìgbàgbọ́. Ohun tí a fẹ́ kí a jùmọ̀ rò ni bí Kristẹni ṣe yẹ kí ó wọn ọ̀ràn náà kí ó tó di ẹrù rẹ̀. Ìwé Mímọ́ fi ọkùnrin méjì hàn wá tí wọ́n wá ibi ààbò fún ilé wọn. Ọ̀kan ni Lọ́tì. Èkejì ni Jósẹ́fù, ọkọ Màríà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Lọ́tì. Nígbà tí àwọn darandaran rẹ̀ àti ti Ábúrámù ń jà, Ábúrámù fi gbogbo ilẹ̀ náà síwájú rẹ̀ pé kí ó yan èyí tí ó wù ú. Lọ́tì wo pẹ̀tẹ́lẹ̀ Jọ́dánì, ó rí i pé omi pọ̀ níbẹ̀, ó sì yàn án. A kò rí ìwádìí mìíràn tí ó ṣe. Ó wo koríko, ó wo omi. Kò béèrè irú ènìyàn tí òun àti àwọn ọmọ òun yóò máa bá gbé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ì bá ti là á lójú, nítorí Ìwé Mímọ́ sọ fún wa níbẹ̀ gan-an pé ìwà àwọn ará Sódómù burú jọjọ.

Kò pẹ́ tí ogun fi dé. Àwọn ọba mẹ́rin kó Sódómù, wọ́n sì mú Lọ́tì lọ pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀. Ábúrámù ni ó kó ọkùnrin 318 tí a bí nínú ilé rẹ̀ lẹ́yìn, tí ó lépa wọn, tí ó sì gbà á padà. Ìkìlọ̀ ńlá ni èyí; síbẹ̀, nígbà tí a tún gbúròó Lọ́tì, ẹnu ibodè Sódómù náà ni ó jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa: ewu a fi ara hàn wá ní gbangba, ṣùgbọ́n nítorí pé ọjà ń tà, a ó fi ọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tí iná sì fẹ́ dé, a sọ fún un pé kí ó sá lọ sí orí òkè. Lọ́tì bẹ̀bẹ̀. Ó tọ́ka sí ìlú kan tí kò jìnnà, tí kò sì tóbi, ó ní kí a jẹ́ kí òun sá lọ síbẹ̀ kí ẹ̀mí òun lè là. A gbà fún un. Sóárì ni orúkọ ìlú náà. Kíyèsí i, ohun méjì péré ni ó sọ nípa Sóárì: pé ó súnmọ́ tòsí, àti pé ó kéré. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ọrọ̀ ni ó fi yan ìlú; ní ìgbà kejì, ìbẹ̀rù ni ó fi yàn. Kí ni òpin rẹ̀? Ẹ̀rù tún bà á láti máa gbé Sóárì, ó sì kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì lọ sínú ihò àpáta, níbi tí ìtìjú ti bá ilé rẹ̀. Aya rẹ̀ ti di ọwọ̀n iyọ̀ lójú ọ̀nà. A sì máa ń dá obìnrin náà lẹ́bi pé ó bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n a kò rí i kà níbì kan pé ọkọ rẹ̀ bá a gbìmọ̀ nípa ibi tí wọn yóò máa gbé.

Ǹjẹ́ ẹ wá wo Jósẹ́fù. Òun pẹ̀lú sá fún ewu. Lóru ni ó dìde, tí ó gbé Ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ lọ sí Íjíbítì kúrò lọ́wọ́ idà Hẹ́rọ́dù. Nígbà tí Hẹ́rọ́dù kú, tí ọ̀nà sì ṣí fún un láti padà, kò kàn wọ Jùdíà láìwo ọ̀tún wo òsì. Ó gbọ́ pé Arkéláù ni ó ń jọba níbẹ̀ ní ipò baba rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á. Ọlọ́run kò bá a wí nítorí ẹ̀rù náà. Ó tọ́ ọ sọ́nà lójú àlá, Jósẹ́fù sì yà sí Gálílì, ó ń gbé Násárẹ́tì, ìlú kékeré kan tí Nàtáníẹ́lì fi orúkọ rẹ̀ ṣe ẹ̀gàn lẹ́yìn náà.

Ohun mẹ́rin ni a rí nínú ọ̀nà Jósẹ́fù. Ó mọ irú ẹni tí agbára ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, tí ó lè fi bọ́ ilé rẹ̀ ní Násárẹ́tì. Kò fi Ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ sí ibì kan kí òun wà ní ibòmíràn. Níbikíbi tí ó bá lọ, ó mú wọn dání. Àti pé ìsìn kò bọ́ lọ́wọ́ wọn: lọ́dọọdún ni wọ́n ń gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù fún àjọ Ìrékọjá, Lúùkù sì jẹ́rìí pé ó jẹ́ àṣà Olúwa wa láti máa wọ sínágọ́gù ní ọjọ́ ìsinmi.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Násárẹ́tì jẹ́ odi tí a kò lè wọ̀. Nínú Násárẹ́tì yìí kan náà ni àwọn ará ìlú ti ti Olúwa wa jáde dé etí òkè, tí wọ́n fẹ́ taari rẹ̀ sísàlẹ̀. Ìlú kékeré a máa fún ni ní ìsinmi. Ṣùgbọ́n kíkéré rẹ̀ nìkan kò lè gba ni là.

Ìtàn ilẹ̀ wa pẹ̀lú kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ogun fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá, wọ́n sá lọ sí abẹ́ Olúmọ ní 1830 lábẹ́ àkóso Ṣódẹkẹ́, láti inú èyí ni a ti ní orúkọ náà Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n àpáta nìkan kò dáàbò bò wọ́n. Wọ́n mọ odi yí ìlú ká, àwọn ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì fi ìmọ̀ ṣọ̀kan, tóbẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Dàhómì ní 1851, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1864. Ní Abẹ́òkúta yìí ni Samuel Ajayi Crowther ti rí ìyá rẹ̀ ní 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí a ti mú un lẹ́rú ní Òṣoogùn. Àwọn ènìyàn, ìṣọ̀kan wọn àti ìfẹ́ wọn, ni ó sọ ibi ìsádi di ilé.

Ní ìgbà tiwa, a kò lè gbàgbé Owó. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, àwọn oníbọn wọ ilé ìsìn àwọn ará wa Ìjọ Kátólíìkì ti Francis Mímọ́, àwọn olùjọsìn tí ó kú kò sì dín ní 40. Owó kì í ṣe Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà Ìbàdàn kò lè gbàgbé oṣù Kẹjọ 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún tí ó sì gbé ilé àti ènìyàn lọ. Ẹni tí ó sá fún omi Èkó, tí ó wá lọ kọ́lé sí bèbè odò ní ìlú mìíràn, kò tíì sá fún ohunkóhun.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ń gbèrò àtikó, ẹ fi ohun gbogbo sórí ìwọ̀n. Olúwa wa tí ó sọ ti ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ kò dá ìṣirò lẹ́bi. Ẹni tí kò jókòó ṣírò iye tí yóò ná a ni ó di ẹni yẹ̀yẹ́.

Ní ti ààbò, ẹ má ṣe fi ọ̀sán gangan nìkan wo ìlú. Ẹ lọ síbẹ̀ nígbà òjò, kí ẹ rí ọ̀nà tí omi ń gbà. Ẹ sùn níbẹ̀, kí ẹ mọ bí òru rẹ̀ ti rí. Ẹ bi àwọn obìnrin tí ń tajà ní ìsọ̀ bóyá ọ̀nà ṣe é rìn lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹ béèrè bí àgọ́ ọlọ́pàá ti jìnnà tó, bí àwọn ọdẹ àdúgbò ń ṣọ́ òru, àti bóyá àwọn Àmọ̀tẹ́kùn, tí a dá sílẹ̀ ní 2020, ń dé ìhà ibẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àlùfáà àti àwọn olùkọ́ ìlú náà, nítorí àwọn ni ó mọ ilé àti ọmọ. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ní ti ìlera, ẹ ronú lórí àwọn aláìlera inú ilé. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Ìbàdàn, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Abẹ́òkúta; ṣùgbọ́n ìlú púpọ̀ wà tí aboyún tí ara ni láàárín òru yóò rin ọ̀nà jíjìn kí ó tó rí dókítà. Ẹ wo kànga bóyá a máa gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wo ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ ka iye olùkọ́ tí ó wà níbẹ̀ gan-an, ẹ má ṣe wo ọ̀dà ara ògiri.

Ní ti ilẹ̀ àti ilé, ẹ má ṣe kánjú rà. Ẹ háyà ilé fún ọdún kan ná. Ilẹ̀ tí kò wọ́n, tí ìwé rẹ̀ kò sì pé, a máa mú ọmọ onílẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà, a sì máa gba àlàáfíà tí ènìyàn tìtorí rẹ̀ kó kúrò ní Èkó.

Ohun tí ó kù yìí ni ó wúwo jù lọ́kàn wa. Ọ̀nà ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, 157 kílómítà, tí a ṣí ní oṣù Kẹfà 2021, ti mú kí ọ̀pọ̀ bàbá wí pé: “N ó kó aya àti àwọn ọmọ mi lọ, n ó sì máa wá wò wọ́n ní òpin ọ̀sẹ̀.” Ó wí bẹ́ẹ̀ nítorí ìfẹ́, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣe é kó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ilé náà wà ní ibi tí igbó kò tíì tán, aládùúgbò kò tíì pọ̀. Aya nìkan ni ó ń ti ìlẹ̀kùn lálẹ́. Òpin ọ̀sẹ̀ a di ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ méjì a di oṣù, nítorí owó ọ̀nà. Àwọn ọmọ a máa dàgbà láìgbọ́ ohùn baba wọn ní àdúrà òwúrọ̀. Ṣé èyí ni ìgbé ayé dídára tí a ń wá? Ilé yàrá kan tí gbogbo ìdílé ń sùn sí lè ní ààbò ju ilé ńlá tí olórí rẹ̀ kò sí. Bí ó bá di dandan kí ẹ pínyà fún ìgbà díẹ̀, ẹ dá ọjọ́ fún un, kí ẹ sì mú un ṣẹ. Kí bàbá má sì ṣe dá ìpinnu náà ṣe: kí ó bi aya rẹ̀ léèrè, kí ó sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ dé òpin, pàápàá bí ìdáhùn náà bá jẹ́ “bẹ́ẹ̀ kọ́.”

Ẹ̀yin tí ẹ bá sì lọ, ẹ má ṣe wọ ìlú náà bí ẹni tí ó sá wọ ihò. Nígbà tí Jeremáyà kọ ìwé sí àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì, ó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú tí wọ́n bá ara wọn, nítorí nínú àlàáfíà rẹ̀ ni tiwọn wà. Ẹ lọ kí àwọn àgbà àdúgbò. Ẹ wọ ẹgbẹ́ àwọn onílé. Olùkọ́ tí ó bá ti Èkó wá, kí ó mú ìmọ̀ rẹ̀ tọ àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ, kí ó má sì fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀yin ìjọ tí ẹ wà ní ìlú kékeré pẹ̀lú, ẹ má ṣe pe ẹni tí ó dé ní àjèjì títí ọdún mẹ́wàá. Ẹ mọ ilé rẹ̀ kí oṣù kan tó pé.

Ẹ̀yin tí ẹ sì dúró ní Èkó nítorí pé ìwọ̀n yín fi hàn bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè yín ní aláìnígbàgbọ́ tàbí aláìgbọ́n. Onísáàmù ti kọ́ wa pé olùṣọ́ ìlú a máa ṣọ́ra lásán bí kò bá ṣe Olúwa ni ó ń pa á mọ́. Ìlú ńlá àti ìlú kékeré ni ọ̀rọ̀ náà sì bá wí. Alákàn a máa fi ojú rẹ̀ ṣọ́ orí. Kí àwa pẹ̀lú lo ojú tí Ọlọ́run fi fún wa, kí a sì fi ọ̀nà wa lé E lọ́wọ́.

Kí Olúwa, tí ó pa Ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ mọ́ ní ọ̀nà Íjíbítì, tí ó sì fi ibùgbé fún wọn ní Násárẹ́tì, kí Ó máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín, kí Ó sì mú gbogbo ilé tí a pínyà padà wà ní ọ̀kan. Àmín.