Ẹ Jẹ́ Kí Ó Jẹun Tán Ná

Oṣù Kejì ti dé, ọyẹ́ ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. A ń nu eruku ojú fèrèsé, a ń fọ aṣọ òtútù, èlùbọ́ tí a sá ti gbẹ. Láàárọ̀, tí ẹ̀kọ bá ń hó, tí àkàrà ń ta nínú epo, inú ẹni a máa dùn.

Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn àjíǹde, Jésù fúnra Rẹ̀ ní iná ẹyín létí òkun Tìbéríà, pẹ̀lú ẹja àti àkàrà (bẹ́ẹ̀ ni Bíbélì wa pè é, Jòhánù 21). Pétérù tí ó sẹ́ Ẹ lẹ́ẹ̀mẹta wà níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n jẹun tán ni Olúwa tó bi í bóyá ó fẹ́ràn Òun.

Mo mọ ilé kan tí ìyá ọkọ àti ìyàwó kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà Kérésìmesì. Bí ilé yín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ìyá, láàárọ̀ ọ̀la, ẹ bu ẹ̀kọ gbígbóná fún un, ẹ fi àkàrà tì í. Ẹ má tíì dárúkọ Kérésìmesì. Ẹ jẹ́ kí ó jẹun tán ná.