"Ojú Àgbà Ni"

Bí àgbàlagbà kan bá sọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí ní Àgọ́-Ìwòyè pé ojú òun kò ríran mọ́ bí i ti àtẹ̀yìnwá, èsì tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Ojú àgbà ni, bàbá." Ìtùnú ni ẹni tí ó sọ ọ́ pè é. Lójú tèmi, ìdájọ́ ni, nítorí ohun tí a bá ti kà sí iṣẹ́ ọjọ́ orí, a kì í wádìí rẹ̀ mọ́. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kí a tó mọ ohun tí ó ṣe ojú náà?

Ojú àgbà kì í ṣe oríṣi kan. Nínú ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láti 2005 sí 2007, nínú 100 afọ́jú tí wọ́n ti tó ẹni 40 ọdún, nǹkan bí 43 ni ó jẹ́ pé funfun tí ó bo ẹyinjú ni ó fọ́ ojú wọn, èyí tí iṣẹ́ abẹ lè mú kúrò. Glaucoma a máa jẹ ojú láti etí wá. Àrùn kẹta, tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, àárín gan-an ni ó ti í bẹ̀rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó jù wá lọ, ṣùgbọ́n ó wà nílé wa. Ní ẹ̀yìn ẹyinjú, lára awọ fẹ́lẹ́ tí ń gba ìmọ́lẹ̀, ojúkò kékeré kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní makúlà. Òun ni a fi ń kàwé, òun ni a fi ń dá ènìyàn mọ̀. Bí ó bá ti bàjẹ́, ìyá tí ń ṣa obì yóò rí agbọ̀n, kò ní rí kòkòrò tí ó wà lára obì. Apẹja etí ọ̀sà ní Ogun Waterside yóò tukọ̀ délé, kò ní rí ojú àwọ̀n tí ó ya.

Ibí yìí ni ọ̀ràn ti kan ìwà. Àwọn ará ilé a ní ó ń díbọ́n: "Ẹni tí ó rí ewúrẹ́ tí ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́, báwo ni kò ṣe rí mi?" Yorùbá gbà pé ojú lọ̀rọ̀ wà, àgbà tí kò bá wo ojú ẹni, agbéraga ni à ń pè é. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú nìkan ni ó kù fún un láti fi ríran. Ìgbà tí ó yíjú kúrò lára wa gan-an ni ó ń wá ojú wa. A tún ní àṣà kan tí n kò fẹ́ràn rárá: ọmọ yóò ti Èkó dé, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò ní, "Bàbá, ṣé ẹ dá mi mọ̀?" Àgbà a rẹ́rìn-ín, a ki oríkì tí ó bá gbogbo ọmọ ilé mu, kí ojú má baà tì í. Kí ni ó ṣòro nínú kí a dárúkọ ara wa?

Oògùn ìkán-sójú kò ràn án, àgbo kò ràn án. Èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń rìn, a kò sì tí ì lè dá ohun tí ó ti bàjẹ́ padà. Èkejì, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké hù sábẹ́ makúlà tí wọ́n ń jò, lè gba ojú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Láti nǹkan bí 2006 ni abẹ́rẹ́ inú ẹyinjú ti ń dá a dúró, bí a bá tètè dé. Ẹ bo ojú kan, kí ẹ fi èkejì wo irin fèrèsé: bí irin tí ó gún bá wọ́, ẹ má dúró. Àmọ́ abẹ́rẹ́ kan kò tó. Oṣooṣù ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Yunifásítì wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti 1982, ṣùgbọ́n Ṣàgámù ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀ wà. Ta ni yóò máa mú bàbá rìn?

A ó ní kò sí owó. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n àwa Ìjẹ̀bú mọ owó òkú í dá. A ti ń ṣírò màlúù àti aṣọ ẹbí nígbà tí ẹni tí a fẹ́ sin ṣì ń táràrà wá ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

Ẹni tí abẹ́rẹ́ kò bá wúlò fún, iná tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa àti awò tí ń sọ lẹ́tà di ńlá lè ràn án lọ́wọ́, pẹ̀lú ọmọ tí yóò máa ka Bíbélì tàbí Kùránì sí i létí ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ náà ni ó ṣòro jù láti rí nílé lóde òní.