Níbo Ni Kí N Lọ?



Láìpẹ́ yìí, mọ́tò mi wọ ọgbà mẹkáníìkì, kò sì tètè jáde. Mo bá fẹsẹ̀ rìn láti Malali níhìn-ín dé Unguwar Dosa, mo sì gba ọ̀nà Badarawa padà. Ẹni tó ń wa mọ́tò kì í ráyè ka ara ògiri. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni ògiri máa ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ògiri Kaduna bá mi sọ̀rọ̀ títí.

Baálé ilé kan kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé òun kì í ṣe títà. Bẹ́ẹ̀, ògiri ilé ọ̀hún ti lanu, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, kò sẹ́ni tó bi í pé èló ni. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe àjèjì ló ń bá wí. Ọmọ ìyá rẹ̀ tó lè gbowó ilé kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta ló ń bá wí.

Èyí tó pọ̀ jù ni ti ìtọ̀. Mo ka mọ́kànlá kí n tó délé. Ọ̀kan kọ ọ́ ní jẹ́jẹ́ lédè Haúsá: “An hana fitsari a nan,” pé a ò gbọdọ̀ tọ̀ síbẹ̀. Èkejì ní ẹni tó bá tọ̀ yóò san ₦5,000. Ẹ̀kẹta ò tiẹ̀ kọ nǹkan kan, àdá ló yà síbẹ̀, kí ẹni tí kò mọ̀wé náà lè mọ ohun tí wọn yóò gé. Ẹ sì jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín: abẹ́ àdá yẹn gan-an ló tutù jù.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni. Pompeii, ìlú kan ní Ítálì, tí òkè oníná bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, wọ́n ti hú u jáde. Lára ògiri rẹ̀, wọ́n bá ìkìlọ̀ fún àwọn tó ń yàgbẹ́ síbi tí kò yẹ. Ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún méjì dín díẹ̀ tí ọmọ aráyé ti ń kọ “má ṣe” sára ògiri, tí ọmọ aráyé sì ń ṣe é.

Mo ń rẹ́rìn-ín bọ̀ títí mo fi dé ibi ògiri kan tí wọ́n kọ “Post No Bill” sí, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lẹ ìwé mọ́ ọn. Ìwé ìsọjí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Mo sún mọ́ ọn. Fọ́tò ta ni? Fọ́tò èmi pásítọ̀ yín ni, mo rẹ́rìn-ín, mo gbé Bíbélì dání, orí mi jókòó sórí “No” gẹ́lẹ́, ó kù “Post Bill”. Àkòrí ìsọjí wa ni “Ẹ Padà Sí Ọ̀nà Òdodo”. Ẹ̀rín bá pa mí lẹ́nu mọ́. Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n rántí ògiri tiwa. Gbogbo yín lẹ mọ ohun tí a kọ sára fẹ́ǹsì ṣọ́ọ̀ṣì, ní Yorùbá àti ní Haúsá: ẹni tó bá tọ̀ síbẹ̀ yóò rí ìbínú Ọlọ́run. Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́. Lọ́jọ́ kan mo ká oníkẹ̀kẹ́ NAPEP kan mọ́ ibẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Mo pariwo mọ́ ọn, mo nàka sí èpè náà. Kò bínú. Ó di ṣòkòtò rẹ̀ mú, ó ní, “To, Fasto, ina zan je?” Ó dáa, Pásítọ̀, níbo ni kí n lọ?

Ẹ̀yin ará, n kò rí èsì fún un. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa wà lẹ́yìn géètì, àgádágodo ló sì wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mọ́sálásí tó wà ní òdìkejì títì ń kó búta síta, omi ń bẹ nínú rẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Àwọn fún ènìyàn ní omi. Àwa fún un ní èpè.

Mo padà sínú ilé, mo ṣí Deuterónómì orí 23, ẹsẹ 12 àti 13. Ẹ lọ kà á. Ọlọ́run kò fẹ́ kí ibùdó Ísírẹ́lì dọ̀tí, ṣùgbọ́n kò dákẹ́ sí “má ṣe”. Ó sọ ibi tí wọn yóò máa lọ lẹ́yìn ibùdó, ó sì sọ ohun tí wọn yóò mú dání láti fi walẹ̀ kí wọ́n sì bò ó. Ọlọ́run tó dá ọ̀run òun ayé ronú nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀! Ìgbà tí òun ṣòfin, ó la ọ̀nà sí i.

Mo gbọ́ ẹni tó ń sọ pé Pásítọ̀ ti ń gbè sẹ́yìn ẹlẹ́ṣẹ̀. Rárá o. Ìtọ̀ tó wà lára ògiri ń rùn, ẹni tó tọ̀ ọ́ ló sì tọ̀ ọ́. Tí a bá ṣílẹ̀kùn tán tó ṣì ń tọ̀ síta, ọrùn rẹ̀ lẹ̀ṣẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n tí a bá tì í pa mọ́ ọn, tí a wá fi í gégùn-ún, àwa náà ní ìpín nínú òórùn yẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú un délé. À ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má jalè. Iṣẹ́ wo la kọ́ wọn? À ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n má ṣe àgbèrè, àwa kan náà la jókòó tí à ń kọ lísìtì ìgbéyàwó tí kò lè tán kí ọkọ ìyàwó má jẹ gbèsè. À ń sọ fún opó pé kó má lọ yáwó èlé. Nígbà tó wá sọ́dọ̀ wa, kí la fún un? Gbogbo wọn ń bi wá ní ohun tí oníkẹ̀kẹ́ yẹn bi mí.

Ní Róòmù, ní 1857, wọ́n rí àwòrán kan tí wọ́n ha sára ògiri ayé àtijọ́ lórí òkè Palatine. Ẹnìkan ló fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ Kristẹni kan tó ń jẹ́ Alexamenos: ó yà á níbi tó ti ń júbà ẹni tí a kàn mọ́ àgbélébùú, ó sì fi orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sí ẹni náà. Yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó yà á mọ ẹni tí Alexamenos ń sìn. Tí aládùúgbò wa ní Malali bá ní kí òun kọ ohun tó mọ̀ nípa wa sára ògiri, kí ni yóò kọ?

A ti fi ọ̀dà funfun pa èpè náà rẹ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti wà ní ṣíṣí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, a sì ti ra búta mẹ́fà. Wọ́n ti jí ọ̀kan. Àwọn kan ṣì ń tọ̀ síta, kò sì tíì sú wa. Ẹni tó bá ní búta méjì nílé, kó mú ọ̀kan wá lọ́jọ́ ìsinmi.

Kí Olúwa kọ òfin rẹ̀ sí wa lọ́kàn, kó sì fún wa ní ọwọ́ tí yóò ṣílẹ̀kùn. Àmín.