Owó Ọjọ́ Alẹ́ àti Ojú Ẹni Tí A Jẹ ní Gbèsè

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n Yorùbá tó ń ṣòwò ní Bouaké, ìlú kan ní Côte d'Ivoire, kì í gbé gbogbo ìrètí lé ọmọ nìkan. Ó ń dá àjọ, ó sì ń kọ́ ilé díẹ̀díẹ̀ sí Èjìgbò tàbí ìlú mìíràn tó ti wá ní Nàìjíríà. Láti ìgbà tí òfin ọdún 2019 sì ti dá RSTI, ètò fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn, sílẹ̀ lábẹ́ CNPS, àjọ owó ìfẹ̀yìntì Côte d'Ivoire, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ náà lè máa dá owó ìfẹ̀yìntì.

Bouaké mọ bí òwò ṣe ń dojú dé. Iná jó ọjà ńlá ibẹ̀ ní 1998. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ogun bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba ìlú, báǹkì tilẹ̀kùn. Gbèsè ọjà àwìn kì í bá ọjà jóná. Bí òwò bá wó báyìí, ṣé kí onígbèsè kó owó ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ fún olówó? Àbí ó lè dá a sí, kó ṣì jẹ́ ọmọlúàbí?

Àwọn kan á ní kó kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, torí orúkọ rere ló ṣe kókó. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, olówó a máa rán ológò sílé onígbèsè, Samuel Johnson sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ológò á jókòó ti onílé, á máa pa ohun ọ̀sìn rẹ̀ jẹ, ará ilé tí kò jẹ gbèsè á sì bá a pín nínú ìyà náà. Àgbàlagbà tí a gba gbogbo ohun ìní rẹ̀ ń ṣe ohun kan náà sí àwọn ọmọ rẹ̀: ọrùn wọn ni gbèsè náà ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n olówó náà ń darúgbó. Ìyá tó tajà àwìn fún ọ lè máa ka owó yẹn mọ́ oúnjẹ ọjọ́ alẹ́ tirẹ̀. Owó àjọ àwọn ẹlòmíràn tó wà lọ́wọ́ rẹ kì í sì í ṣe tìrẹ rárá.

Nígbà tó jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló ń darúgbó, ìgbà tí a fi owó pamọ́ ló ń ya ọmọlúàbí sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀dàlẹ̀. Òfin pàápàá mọ èyí. Ní Bìrìtìkó, láti 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba fọwọ́ sí kì í sí lára ohun tí wọ́n ń pín fún olówó bí ènìyàn bá wọko gbèsè. Síbẹ̀, bí onígbèsè bá ti rọ́ owó tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ síbẹ̀ kó lè fi rẹ́ olówó jẹ, kóòtù lè gbà á padà. Òfin òwò OHADA, tí Côte d'Ivoire àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn jọ ń lò, fún oníṣòwò tí kò lè san gbèsè mọ́ ní 30 ọjọ́ láti lọ sọ fún kóòtù. Kóòtù lè ka ọjọ́ tí agbára rẹ̀ pin sẹ́yìn dé oṣù 18, ẹ̀bùn tó bá fi dúkìá ta ẹlòmíràn lọ́rẹ láti ọjọ́ náà kò sì ní dúró. Bó bá fi dúkìá pamọ́, wọ́n lè fòfin dè é pé kó má ṣòwò mọ́.

Nítorí náà, ilé tí o fi èrè rẹ kọ́ nígbà tí gbogbo ènìyàn ń rí owó wọn gbà lọ́wọ́ rẹ kò sọ ọ́ di ẹni burúkú. Èyí tí o yí sórúkọ ìyàwó lóru, lẹ́yìn tí o ti mọ̀ pé o ò lè san mọ́, olè ni, ì báà jẹ́ pé kóòtù kankan ò rí ọ. Ọmọlúàbí á tọ olówó lọ kí olówó tó wá a. Á tẹ́ gbogbo ohun tó ní sílẹ̀ lójú olówó, á sọ èyí tó fẹ́ dá sí fún ọjọ́ alẹ́ àti ìdí rẹ̀, á sì bẹ̀bẹ̀ fún bí yóò ṣe máa san ìyókù. Owó tí ènìyàn kò bá lè dárúkọ lójú ẹni tó jẹ ní gbèsè, kì í ṣe owó ìfẹ̀yìntì ọmọlúàbí.