Kí Ni Ó Yẹ Kí Ìjọba Kọ́kọ́ Fi Owó Wa Ṣe?

Kò sí ẹni tí ó mọ ètò ìnáwó bí obìnrin tí owó oúnjẹ kò tó lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó tó dé ọjà ni ó ti mọ̀ pé ẹran lè dúró, iyọ̀ kò lè dúró. Aṣọ ẹgbẹ́ lè di ọdún tí ń bọ̀, ṣùgbọ́n oògùn ọmọ kò lè di ọ̀la. Nígbà tí owó ìlú kò bá tó ńkọ́? Èwo ni kí ìjọba kọ́kọ́ mú?

Àwọn àgbà wa ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé oúnjẹ ni. N kò jiyàn pé ebi le, ṣùgbọ́n n kò gbà pé iṣẹ́ ìjọba ni láti máa pín ìrẹsì kiri (tí ó jẹ́ pé ìgbà ìbò nìkan ni a ń rí i). Ẹni tí ó ní ọ̀nà tí ó já oko yóò bọ́ ara rẹ̀. Ohun tí ẹnì kan kò lè dá ṣe ni kí ìjọba kọ́kọ́ mú. Bí mo tilẹ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ tèmi, bí ọmọ aládùúgbò kò bá gbà, ọkàn mi kò lè balẹ̀.

Ìjọ wa ní ẹ̀rí lórí èyí. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti Wesley Guild Hospital, Iléṣà, tí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, ṣètò kíníìkì ní Ìmẹ̀sí-Ilé fún àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún. Àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ni wọ́n ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n ń wọn ọmọ lóòrèkóòrè, wọ́n ń kọ ọ́ sí káàdì, ìyá ni ó sì ń tọ́jú káàdì náà nílé. Bí ọmọ bá ń rù, ìyá yóò rí i kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀. Irú káàdì yìí tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n gómìnà wo ni yóò gé ríbọ́ọ̀nù nítorí ìwọ̀n àti káàdì?

Ṣíṣe ohun tí ó tọ́ kì í fi gbogbo ìgbà dùn mọ́ aráàlú. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń múra ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, owó orí tí wọ́n fi kún un bí àwọn ènìyàn nínú. Nínú ìbò àpapọ̀ 1954, NCNC ni ó gba ìjókòó tí ó pọ̀ jù ní Ìwọ̀ Oòrùn. Wọn kò tìtorí rẹ̀ padà sẹ́yìn. Lóòótọ́, olùkọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ kò tó nígbà náà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìyá àgbà tí ń ka Bíbélì fúnra wọn nínú ìjọ wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ.

A fẹ́ràn láti máa yin Jósẹ́fù tí ó kó ìdá kan nínú márùn-ún ọkà pamọ́ (Gẹ́nẹ́sísì 41). Mo bẹ̀ yín, ẹ ka orí 47 pẹ̀lú. Ọkà tí wọ́n gbà ní oko àwọn ènìyàn ni wọ́n tún tà fún wọn, títí owó, ẹran ọ̀sìn àti ilẹ̀ fi tán lọ́wọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ìwòsàn tí a fi owó wa kọ́, tí wọ́n tún ń béèrè owó ìdógò kí wọ́n tó fọwọ́ kan aboyún tí ń rọbí.

Ní April 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí ní Àbújá pé náírà 15 nínú 100 yóò máa lọ sí ètò ìlera. Nàìjíríà kò tí ì dé ibẹ̀.

Mo lọ kí ìyá ọmọ tuntun ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọba kan. Àwọn aboyún ni wọ́n ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi wá láti ilé. Ògiri tuntun sì yí ilé náà ká, ọ̀dà rẹ̀ ń dán. Mo bi nọ́ọ̀sì pé èwo ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè fún, ògiri ni tàbí kànga. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mummy, kò sí ẹni tí ó bi wá.”