"Ọba Kò So": Kí ni Gbólóhùn náà Sẹ́?

Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni Dúró Ladipọ̀ fi sọ eré onítàn rẹ̀ lórúkọ: Ọba Kò So. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré náà ní Òṣogbo ní 1963, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Berlin ní 1964, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti mọ ìtàn inú rẹ̀ dunjú. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà ń sẹ́ gan-an. Ìbéèrè yìí kì í sì í ṣe ti gírámà nìkan. Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò fi hàn bóyá ó tọ́ kí ènìyàn fi ọ̀wọ̀ tí ó ní fún ọba bo ìwà ọba mọ́lẹ̀.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ ké gbàjarè nítorí ogun àjàìsinmi. Tìmì àti Gbọ̀nńkáà ni akọni tí apá kò ká. Ọgbọ́n àrékérekè ni Ṣàngó fi wá ojútùú ọ̀ràn náà: ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, nígbà tí Tìmì sì di ẹni iyì níbẹ̀, ó rán Gbọ̀nńkáà kí ó lọ mú un wá. Gbọ̀nńkáà borí, iná pàápàá kò rí i jó, agbára rẹ̀ sì yí padà dojú kọ ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Nínú ìbínú, ọba pa nínú àwọn ènìyàn tirẹ̀. Ìlú kọ̀yìn sí i, Ọya fi í sílẹ̀, ìdí igi àyàn sì ni ọ̀nà pin sí.

Nínú gírámà Yorùbá, "kò" jẹ́ atọ́ka ìyísódì. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tẹ̀ lé e ni ó ń sẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi gbólóhùn mẹ́ta wéra:

(i) Ọba kò so.
(ii) Kì í ṣe ọba ni ó so.
(iii) Kì í ṣe síso ni ọba so.

Èkíní sẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ náà pátápátá. Èkejì, tí ó jẹ́ ìyísódì gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́, gbà pé ẹnìkan so, ṣùgbọ́n ó ní ẹni náà kì í ṣe ọba. Ẹni tí ó bá gbà pé Ṣàngó ti pàdánù ìtẹ́ kí ó tó dé ìdí igi lè sọ ọ́. Ẹ̀kẹta fi àpètúnpè ẹlẹ́bẹ sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ. Ó gbà pé ohun kan ṣẹlẹ̀ sí ọba, ó kàn ní síso kọ́ ni orúkọ rẹ̀. Èyí ni ó sún mọ́ èrò àwọn olùsìn Ṣàngó jù lọ: ọba di òrìṣà. Ọ̀nà mìíràn ni Samuel Johnson gbà nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ ọba ni ó lọ kọ́ oògùn tí ń fa mọ̀nàmọ́ná ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, kí ẹ̀gàn lè kúrò lórí orúkọ rẹ̀.

Àkọtọ́ náà ní ipa tirẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ "Ọba Kòso", gbólóhùn ti di àpólà orúkọ: ọba tí ó ni Kòso, ibi ojúbọ Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Àmì ohùn kò yí padà, ṣùgbọ́n àlàfo kan ṣoṣo ti gbé ìyísódì lọ.

Nínú gbogbo gbólóhùn wọ̀nyí, kò sí èyí tí ó sọ pé "Ọba kò ṣẹ̀." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó bá ń gbèjà igbe àwọn ará ìlú lè sọ pé aláṣẹ èkejì òrìṣà ni ọba, pé ìtìjú òkú rẹ̀ jẹ́ ìtìjú gbogbo ìlú, àti pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Òótọ́ ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọba pa náà ní ìyá, wọ́n ní ará. Bí "kò so" bá di "kò ṣẹ̀", ta ni yóò ṣọ̀fọ̀ wọn? Dúró Ladipọ̀ kò jẹ́ kí ó dà bẹ́ẹ̀. Ojú agbo ni ó ti fi ẹ̀ṣẹ̀ ọba hàn kí igbe náà tó dún, nítorí náà òǹwòran kò lè sọ pé òun kò rí i. Eré náà bọ̀wọ̀ fún ọba, kò sì purọ́ fún un.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ aláríyànjiyàn lórí bóyá igbe náà tọ́, kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó gbà pé igbe náà sẹ́. Kí ó má ṣe tún ìtàn sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ó mú ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó ti èrò rẹ̀ lẹ́yìn nìkan. Kí ó gbé àwíjàre alátakò kalẹ̀ ní ibi tí ó ti lágbára jù, kí ó tó fèsì. Ní ìparí, kí ó má sọ ju ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ gbé lọ. Kí olùkọ́ tí yóò fún un ní máàkì náà wo ibẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé ọba kò ṣẹ̀, kí ó wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta inú àkọlé yìí kò bá a sọ ọ́.